Fọ́tò Mẹ́ta fún Dókítà Awọ

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ojú bàbá mi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti wá. Àpá irorẹ́ kún un láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan dé ìkejì, ihò kéékèèké bíi ti inú búrẹ́dì. Kò sí irorẹ́ kankan níbẹ̀ mọ́. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti lọ, wọn ò kàn kó ẹrù wọn tán kí wọ́n tó lọ ni. Ọkùnrin yìí kan náà ni àwọn oníbàárà ń pè ní Bàbá Ojúdán, torí kò sẹ́ni tó ya fọ́tò lọ́dọ̀ ẹ̀ tí ojú ẹ̀ kì í dán. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn kó tó rí i, á kọ́kọ́ rò pé wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Iṣẹ́ tó ń ṣe lẹ́yìn tó bá ya fọ́tò tán la máa ń pè ní fífọ ojú ní ṣọ́ọ̀bù wa. Nígbà ayé fíìmù, pẹ́ńsù tó mú bí abẹ́rẹ́ ló fi ń ṣe é. Kọ̀ǹpútà ló ń lò báyìí, nínú yàrá ẹ̀yìn, pẹ̀lú aṣọ dúdú lójú fèrèsé. Irorẹ́, àpá, ìlà abẹ́ ojú, egbò ẹnu, gbogbo ẹ̀ ló ń lọ. Kì í béèrè lọ́wọ́ oníbàárà. "Bó o bá gbé aṣọ lọ fún alágbàfọ̀, ṣé ó máa bi ẹ́ bóyá kóun yọ ìdọ̀tí ẹ̀?" Bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù tí kò ju èékánná lọ, ó gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí èyí tí kò tíì fọ̀, bó bá sì fọ̀ ọ́ tán, á pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ìyá mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi, máa ń sọ pé látọjọ́ tóun ti fẹ́ ẹ, òun ò tíì rí fọ́tò òun kan tó jọ òun.

Èmi ni mo máa ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo ń gba oníbàárà, mo ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀, mo ń gé fọ́tò. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà tí irorẹ́ tí mo ti ní láti iléèwé girama di nǹkan mìíràn. Ó kúrò ní èyí téèyàn ń fi ọṣẹ fọ̀. Ó ń ta kókó sínú ẹran ara, ó ń ro mí, tí mo bá sì fi ẹ̀gbẹ́ sùn, irọ̀rí á lẹ̀ mọ́ mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Kò sẹ́ni tí kò ní ìmọ̀ràn. Ẹnì kan ní kí n má jẹ òróró mọ́. Ẹnì kan ní omi gbígbóná ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ní bí mo bá ti lọ́kọ, á lọ. Mo bi í pé ṣé ọkọ ọ̀hún ni màá máa fi para ni. Ó ní ẹnu mi ló fà á.

Dókítà awọ wà ní ìlú mìíràn, ìrìn wákàtí mẹ́fà nínú bọ́ọ̀sì. Ìyá mi ló sìn mí lọ. Obìnrin ni dókítà náà, kì í rẹ́rìn-ín, ọwọ́ ẹ̀ sì tutù. Ó di àgbọ̀n mi mú, ó yí mi síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Ta ló ti ní i rí nínú ilé yín?"

"Bàbá ẹ̀ ni," ìyá mi dáhùn.

"Ojú wọn ńkọ́ báyìí?"

"Gbogbo ẹ̀ ti di ihò, dókítà."

"Ohun tá a máa sá fún nìyẹn," ló wí. Ó kọ oògùn oníhóró fún mi àti ìpara kan nínú túùbù funfun, ó ní kí n padà wá lóṣù mẹ́ta.

Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ojú mi ti mọ́. Ó kù díẹ̀ kí n máa kí ara mi nínú dígí. Nígbà tá a padà débẹ̀, mo rò pé ó máa ní ká lọ máa dúpẹ́ nílé. Ó ní kí n dá oògùn oníhóró dúró, àmọ́ kí n máa lo ìpara náà lọ.

"Dókítà, ó mà ti lọ," mo wí.

"Èyí tó o rí ló lọ. Irorẹ́ tó bá yọ lónìí, ó ti pẹ́ tó ti wà lábẹ́ awọ tí o ò rí i. Wọ́n ní bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Torí àwọn tí o ò rí la ṣe ń lo ìpara yìí." Ó tẹ ìwọ̀nba díẹ̀ sórí ìka mi láti fi hàn mí. "Ìwọ̀n ẹ̀wà kan. Gbogbo ojú ni kó o fi pa, kì í ṣe ibi tó o bá ti rí nǹkan nìkan. Ní ìrọ̀lẹ́, tó o bá fọ ojú tó sì gbẹ. Ọdún kan ó kéré tán. Bó bá tún padà wá pẹ̀lú bó ṣe jìn tó yìí, á dá ihò sí ẹ lójú. Mi ò sì ní ìpara tó ń dí ihò."

Mo ní mo ti gbọ́. Ìyá mi náà ní òun ti gbọ́.

Torí pé ọ̀nà jìn, ó ní ká máa fi fọ́tò mẹ́ta ránṣẹ́ sí òun lọ́sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà: iwájú, ọ̀tún, òsì. Kí n dúró lẹ́bàá fèrèsé, kí n má fi pọ́ńdà sójú. Ohun tóun bá rí nínú fọ́tò lòun máa fi mọ̀ bóyá ká dín ìpara náà kù tàbí ká fi kún un.

"Ìyẹn ò le," ìyá mi wí, ó ń yangàn díẹ̀. "Onífọ́tò ni bàbá ẹ̀."

Ìgbà yẹn nìkan ni mo rí dókítà tó rẹ́rìn-ín. Ó ní ó bọ́ sí i nìyẹn. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àbí?

Mo lo ìpara náà bó ṣe wí. Tá a bá ti ti ṣọ́ọ̀bù lójú ìrọ̀lẹ́, màá fọ ojú, màá dúró kó gbẹ, màá tẹ ìwọ̀n ẹ̀wà kan, màá fi kan iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, àti àgbọ̀n, màá wá fi ọwọ́ tàn án káàkiri. Ó máa ń ta mí, awọ ojú mi sì ń bó díẹ̀díẹ̀. Bàbá mi á máa wò mí látorí àga. "Ojú tó ti dán, kí lo tún ń pa síbẹ̀?" Màá ní dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Á mi orí. Ẹni tí irorẹ́ ti ba ojú ẹ̀ jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn o.

Nígbà tó di àsìkò fọ́tò àkọ́kọ́, inú ẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Ó nu ojú kámẹ́rà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbé àga sẹ́bàá fèrèsé, ó ta aṣọ funfun sẹ́yìn mi. Gbogbo ìgbà tí ojú fi ń dùn mí, kò rí nǹkan kan ṣe sí i, ó kàn máa ń yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Ó wá rí ohun tóun náà lè ṣe wàyí. Mo fẹ́ràn ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò ní purọ́ sí i.

Mo ti ń fọwọ́ bá nǹkan kan ní abẹ́ àgbọ̀n mi, lápá òsì. Kò hàn lójú dáadáa, àmọ́ ìka mi mọ̀ ọ́n. Ó rí wínníwínní, bí ìyẹ̀fun tí wọn ò lọ̀ kúnná.

"Bàbá, ẹ bá mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé mò ń fọwọ́ bá nǹkan lábẹ́ àgbọ̀n."

"Ó máa rí i nínú fọ́tò," ló wí. Ó wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, ó sì fa aṣọ ẹnu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kẹrin, èsì dé sórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, bàbá mi tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà fún mi. Dókítà ní ojú mi dára gan-an, kí n dín ìpara kù sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Mo tún fọwọ́ kan abẹ́ àgbọ̀n. Ó ṣì wà níbẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé bí dókítà bá rí i tí kò kà á sí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà míì kọjá. Wínníwínní yẹn ti gba àgbọ̀n dé etí, irorẹ́ mẹ́ta sì ti yọrí. A ya fọ́tò kejì. Èsì tó padà wá ni pé òun ò tíì rí awọ tó tètè mọ́ báyìí rí látọjọ́ tóun ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Kí n dá ìpara dúró pátápátá, ká wo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

"Bàbá, ṣé ó rí àgbọ̀n mi báyìí?"

"Ó rí gbogbo ẹ̀. Àbí ìka ẹ ti wá mọ̀ ju dókítà lọ ni?"

Mo dé túùbù náà, mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀ tá a ń kó sísọ́ọ̀sì sí. Ó ṣẹ́ ku ìdajì.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, bàbá mi tẹ ọ̀kan nínú fọ́tò náà jáde ní gàdàgbà, ó gbé e sójú fèrèsé ìta, níbi táwọn tó ń kọjá á ti máa rí i. Ojú mi dán níbẹ̀ bí àwo tuntun. Mo rí i. Mo dúró wò ó. Mo ní, àwọn fọ́tò ojú fèrèsé, fífọ̀ la máa ń fọ̀ wọ́n. Kò wá sí mi lọ́kàn láti bi ara mi léèrè pé èyí tó lọ sọ́dọ̀ dókítà ńkọ́. Ibẹ̀ ni mo ti gọ̀, gọ̀ tó kọjá ààlà.

Kò tó oṣù kan tí mo dá ìpara dúró tí kókó fi dé. Kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe méjì. Wọ́n jìn, wọ́n le, wọ́n sì gbóná. Ìyá mi ní ká padà lọ bá dókítà, bàbá mi ní kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ mọ́ tá a máa fi fọ́tò ránṣẹ́, kí la fẹ́ máa náwó bọ́ọ̀sì fún. Mo fara mọ́ ọn. Nígbà tí ọjọ́ pé, mi ò lè ya ẹnu dáadáa jẹun. Mo jókòó sẹ́bàá fèrèsé nínú búláòsì aláwọ̀ ewé tí bọ́tìnnì ẹ̀ kan ti já. Bàbá mi pẹ́ gan-an lẹ́yìn kámẹ́rà. Ó sún iná lẹ́ẹ̀mẹta. Inú kámẹ́rà ló ti ń wò mí, kò wò mí lójú lásán rárá.

Èsì dé. "Ojú mọ́ tónítóní. Iṣẹ́ ti parí, má fi fọ́tò ránṣẹ́ mọ́. Kú oríire."

Mo kà á níwájú dígí táwọn oníbàárà fi ń ya irun. Ọyún ń jáde ní àgbọ̀n mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì. Mo wo bébà, mo wo dígí.

Bàbá mi ti jáde lọ ra gílóòbù. Mo wọ yàrá ẹ̀yìn, mo jókòó sórí àga ẹ̀, mo ṣí ohun tó fi ránṣẹ́. Fọ́tò mẹ́ta. Búláòsì aláwọ̀ ewé, bọ́tìnnì tó já. Èmi náà ni, àmọ́ kò sí irorẹ́ kan, kò sí kókó, kò sí wúwú. Ó ti fa ìlà àgbọ̀n mi tó wú padà sí bó ṣe yẹ. Ó tún fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, kó lè yọ dáadáa. Mo ṣí ti ìgbà kejì, mo ṣí ti àkọ́kọ́. Bákan náà ni. Mo wá èyí tí kò fọ̀, mi ò rí i, torí ó ti pa wọ́n rẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe ẹ̀.

Àga ẹ̀ ni mo ṣì jókòó sí nígbà tó wọlé.

"Bàbá, kí lẹ fi ránṣẹ́ sí dókítà?"

"Fọ́tò ẹ ni."

"Èyí tẹ́ ẹ ti fọ̀?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í bóyá ó wọ ṣòkòtò kó tó jáde nílé. "Fọ́tò wo ni mi ò fọ̀ rí?"

"Irorẹ́ yẹn gan-an ni dókítà fẹ́ wò."

Ó gbé gílóòbù sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bébà ara ẹ̀. Ó wá ní, "Orúkọ ṣọ́ọ̀bù yìí wà lábẹ́ ẹ̀. Mi ò gbé fọ́tò tó ní àbàwọ́n jáde rí. Kí èèyàn tí mi ò mọ̀ rí wá máa wo ojú ọmọ mi báyẹn?"

"Ojú ọmọ yín ló ń tọ́jú, Bàbá."

"Mo rò pé ó máa lọ fúnra ẹ̀."

"Ṣé tiyín lọ fúnra ẹ̀?"

Ọwọ́ ẹ̀ gòkè lọ sẹ́rẹ̀kẹ́. Mo wá sọ èyí tí mo mọ̀ pé á dùn ún. "Ẹ ò ní ilẹ̀, ẹ ò nílé. Ojú yín lẹ rí fi ṣe ogún fún mi." Mi ò tíì tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ yẹn títí dòní, mi ò sì ní i lọ́kàn.

Mo jáde sẹ́nu ọ̀nà, mo fi fóònù mi ya ara mi, mo fi ránṣẹ́ sí dókítà. Kò tó wákàtí kan tó pè mí.

"Ta ló ya àwọn ti tẹ́lẹ̀?"

"Bàbá mi ni, Mà. Wọ́n ti tún un ṣe kí wọ́n tó fi ránṣẹ́."

"Ó yẹ kí n ti mọ̀. Awọ èèyàn ní ihò tí irun ń gbà hù. Tìẹ ò ní, bíi ti ọmọlangidi. Mo rí i, ó wú mi lórí, mi ò sì bi ẹ́ pé kí ni ọwọ́ ẹ ń bá níbẹ̀." Ó ní ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, oògùn oníhóró àti ìpara, kí n má sì dá ìpara dúró lọ́tẹ̀ yìí àfi bóun bá fi ọwọ́ ara òun kan ojú mi.

"Àwọn tó ti jìn yìí ńkọ́, Mà?"

"Èyí tó ti jìn ti jìn."

Ẹ̀pa ò bóró mọ́ nìyẹn. Mo bínú sí òun náà. Ìlà mẹ́rin mẹ́rin ló ń kọ sí mi nígbà tó yẹ kó pè mí. Mo sì bínú sí ara mi, torí ìka mi sọ òótọ́ fún mi fún bí oṣù mẹ́ta, mo wá gba bébà gbọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó tún kan fọ́tò. Mo lè fi fóònù yà á, àmọ́ mo ní bàbá mi ló máa yà á. Ó yà á, mo sì tẹ̀ lé e wọ yàrá ẹ̀yìn, mo dúró tì í. Ojú mi jáde sórí kọ̀ǹpútà, ó tóbi, pupa, kòtò àti gegele. Ọwọ́ ẹ̀ lọ sórí máòsì fúnra ẹ̀, bí ọwọ́ ẹni ṣe ń lọ síbi tó bá yún un. Mo gbé ọwọ́ mi lé ọwọ́ ẹ̀. A wà báyẹn. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó yíjú wò mí, ó tún wo kọ̀ǹpútà.

"Ṣé báyìí lojú ẹ ṣe rí?" ó bi mí.

Ilé kan náà là ń gbé. Tábìlì kan náà la ti ń jẹun láràárọ̀.

"Báyìí ló rí, Bàbá. Ẹ fi ránṣẹ́."

Ó fi ránṣẹ́. Omi wà lójú ẹ̀, mo rí i, mo sì jáde lọ gé fọ́tò àwọn oníbàárà.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Irorẹ́ ti lọ, mo sì ń lo ìpara mi ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ìwọ̀n ẹ̀wà kan, gbogbo ojú, mo ń pa á kọjá lórí àwọn ihò tí kò lè dí. Mọ́kànlá ló wà lápá òsì, mẹ́rin lápá ọ̀tún. Bàbá mi kì í béèrè mọ́ pé kí ni mò ń pa. Bí túùbù bá ti ń tán lọ, òun fúnra ẹ̀ ló ń lọ ra òmíràn, á gbé e sẹ́bàá dígí. Ó fẹ́ yọ fọ́tò gàdàgbà yẹn kúrò lójú fèrèsé, èmi ni mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo fẹ́ kó máa gba abẹ́ ẹ̀ wọlé láràárọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ọmọbìnrin kan wá ya fọ́tò tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ káàdì níbi iṣẹ́ ẹ̀ tuntun. Kò tíì tó ogún ọdún, irorẹ́ sì ṣùrù bò ó níwájú orí. Mo ń kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó nàka sójú fèrèsé.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, mo fẹ́ kójú mi rí bíi ti ẹni yẹn nínú fọ́tò. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Èmi tó ń bá sọ̀rọ̀ nìyẹn, a ò jìnnà síra ju tábìlì kan lọ. Bàbá mi wà lẹ́yìn kámẹ́rà pẹ̀lú iná lọ́wọ́.

"Ó ti ṣiṣẹ́ níbí rí," mo wí.

"Awọ ẹ̀ mà dára o. Kí ló ń pa síbẹ̀?"

"Ìpara kan wà tó ń lò. Wọ́n ní kó dá a dúró."

Ó ń retí kí n sọ ìyókù. Mo fún un ní nọ́ńbà tó máa fi gba fọ́tò ẹ̀, mo sì ní kó lọ jókòó. Bàbá mi gbé iná kalẹ̀, ó tún un gbé. Ó ní kí ọmọbìnrin náà gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, kó má rẹ́rìn-ín, ó sì yà á.